Kí A Tó Pe Mísà Àtijọ́ Ní Òkú: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Iná Tó Ń Wọ Inú Rẹ̀

Bí mísà àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láàárín ìsìn tàbí níbi ìnáwó, ìdájọ́ rẹ̀ kì í pẹ́: wọ́n á ní ó ti gbó. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí tábìlì, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ tí àwọn àga tó ti kán wà, ìjọ á dá owó, wọ́n á sì ra tuntun. Wọ́n á wá so tuntun yìí mọ́ àwọn waya àná, mọ́ sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì àná, mọ́ jẹnẹrétọ̀ àná, kíkùn náà á sì tún dé. Owó ti lọ, ariwo kò lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbogbo ariwo tí kò yẹ nínú ẹ̀rọ ohùn ló ní ibi tó ti ń wá, a sì lè fi etí àti ọwọ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀ kí a tó ná kọ́bọ̀. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó pàápàá, iná tó ń wọ inú mísà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, kó tó kan mísà fúnra rẹ̀.

Fún ẹni tí kò sún mọ́ iṣẹ́ yìí rí, mísà ni tábìlì tí gbogbo ohùn ti ń pàdé. Gbohùngbohùn oníwàásù, dùùrù, gìtá, ìlù àti kọ̀ǹpútà ń wọlé síbẹ̀, oníkálukú ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í á wọn ìwọ̀n tó fẹ́ láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì rán àpapọ̀ rẹ̀ lọ sí ampilifáyà àti sípíkà. Ohùn tó ń ti gbohùngbohùn wọlé kéré gan-an, mísà sì ní láti sọ ọ́ di ńlá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Ohun yòówù tó bá bá ohùn kékeré yẹn wọlé, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tàbí ariwo ẹ̀ńjìnnì, ìwọ̀n kan náà ni mísà yóò fi sọ ọ́ di ńlá. Kò mọ èyí tí a fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a kò fẹ́.

Ẹni tó bá mọ Òkìtìpupa, Òde-Ìrèlè, Igbótako, Ìlútitun àti Òde-Aye yóò mọ ìdí tí mo fi ń tọ́ka sí iná. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an, ẹ̀ka àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 335. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ti lo ọdún lórí ọdún láìrí iná ìjọba. Kálukú ló ń dá iná ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ohùn háyà ń gbé tirẹ̀ lọ sí òde òkú, ẹni tó ní sitúdíò kékeré ní ìńfátà àti páńẹ́ẹ̀lì sóólà lórí ilé. Èyí já sí pé mísà kan lè jẹ iná oríṣi mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ọ̀kan nínú wọn má sì ní waya tó bọ́ sí ilẹ̀, èyí tí à ń pè ní áàtì, rárá. Nígbà tí àwọn tó ṣe mísà wọ̀nyí ń ṣe wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Japan àti Amẹ́ríkà, iná tó dúró ṣinṣin, tí áàtì rẹ̀ jinlẹ̀, ni wọ́n ní lọ́kàn. Kò bójú mu kí á dá ẹ̀rọ lẹ́bi nígbà tí oúnjẹ tí à ń fún un kì í ṣe èyí tí wọ́n bí i sí.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú etí wa. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà máa ń lọ síwá-sẹ́yìn nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná yìí bá ráyè wọ inú ọ̀nà ohùn, a óò gbọ́ ọ bí ohùn kan tó wúwo, tó ń kùn láìdánudúró. Nínú jẹnẹrétọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ẹ̀ńjìnnì ní láti yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná tó lè jẹ́ 50 yẹn. Bí ẹnìkan bá mú kí ó sáré dé 3,150, iná náà á gòkè di 52.5. Nítorí náà, ẹ fi etí sílẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá tan fíríìjì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹ̀ńjìnnì wá rẹlẹ̀ díẹ̀ kó tó gbéra padà. Bí kíkùn inú sípíkà bá rẹlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì, tó sì bá a gòkè, ẹ ti mú ọ̀daràn náà lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ iná ni. Àmọ́ bí ariwo náà bá jẹ́ híhó, irú èyí tó ń ṣe ṣìììì, tí kò sì bìkítà bóyá ẹ̀ńjìnnì ń sáré tàbí ó ń rìn, ibòmíràn ni kí ẹ gbà lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan nǹkan lórí mísà nìkan ló ń ta ṣáráṣárá, ibi kẹta nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́tọ̀, kó má tíì ṣí ìdí mísà.

Lẹ́yìn tí etí bá ti ṣiṣẹ́, ọwọ́ ló kù. Ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lẹ́yìn mísà: gbohùngbohùn, dùùrù, kọ̀ǹpútà, títí kan àwọn waya tó ń lọ sí ampilifáyà. Ẹ jẹ́ kó ku waya iná nìkan, kí ẹ wá ki hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ ihò rẹ̀, kí ẹ gbé fédà àgbà, ọ̀pá tí à ń sún láti fi gbé àpapọ̀ ohùn sókè tàbí sílẹ̀, sí ibi tí ẹ máa ń gbé e sí. Bí inú hẹ́ẹ̀dìfóònù bá dákẹ́, mísà ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ohun tí ẹ yọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ lọ mú. Ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ki waya kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́ ni kíkùn dé. Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà náà kúrò lára iná, kí ó máa lo bátìrì ara rẹ̀, kíkùn á sì pòórá. Nígbà mìíràn, waya ampilifáyà ni. Ọ̀nà yìí kò gba ìwé ẹ̀rí, kò sì gba mítà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìkánjú: ẹni tó yọ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà tí ariwo sì lọ, kò tíì mọ nǹkan kan, nítorí kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà tí kò ní àrùn, tí a so mọ́ mísà tí kò ní àrùn, fi ń bí kíkùn? Nítorí pé àwọn méjèèjì ní ọ̀nà tiwọn lọ sí ilẹ̀. Waya iná mísà ní áàtì, waya iná kọ̀ǹpútà tàbí ampilifáyà náà ní áàtì, waya ohùn tó so wọ́n pọ̀ sì tún ní waya ìbora tí òun náà so ilẹ̀ wọn pọ̀. Ọ̀nà méjì ti wà báyìí láàárín wọn, ọ̀nà méjèèjì sì di òrùka kan. Bí àgbàrá òjò bá rí gọ́tà méjì tí wọn kò ga dọ́gba, yóò máa ṣàn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná díẹ̀díẹ̀ tó ń jò láti ara àwọn ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣàn yí òrùka yìí ká, tó sì ń gba inú waya ohùn kọjá. Bí mísà bá wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ iná láti sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì kan, tí ampilifáyà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tó ń jẹ iná láti ibòmíràn, òrùka náà ti tóbi bí ilé náà ṣe tóbi. Ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n: kí gbogbo ẹ̀rọ ohùn jẹ iná láti orísun kan ṣoṣo, kí fíríìjì, fáànù àti gílóòbù jẹ tiwọn lọ́tọ̀, kí waya ohùn má sì bá waya iná sùn pọ̀ lórí ilẹ̀; bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn.

Irú waya tí à ń lò náà wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1881 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n lílọ́ waya méjì mọ́ra fún tẹlifóònù, kí ariwo tó bá kọlu ọ̀kan lè kọlu èkejì lọ́gbọọgba, kí wọ́n sì pa ara wọn rẹ́ ní ìparí. Ọgbọ́n yẹn náà ló wà nínú waya gbohùngbohùn ẹlẹ́nu mẹ́ta. Waya ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń fi so dùùrù àti kọ̀ǹpútà kò ní in, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti ń gùn sí i ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní 1995, Neil Muncy kọ ìwé ìwádìí kan fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gan-an ló ń ṣi ẹnu kìíní waya ẹlẹ́nu mẹ́ta so: wọ́n ń gbé e lọ sí àárín pátákó ohùn dípò kí wọ́n so ó mọ́ irin ara àpótí ní ẹnu ọ̀nà, ariwo òde á sì bá a wọlé dé yàrá. Ọ̀pọ̀ mísà àtijọ́ ní àìsàn yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nígbà náà. Láti ìgbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001 ló ti ń hàn: ìró tìtì-tìtì-tìtì tó máa ń ta jáde kí fóònù tó dún wá láti inú bí fóònù GSM ṣe ń tan ara rẹ̀, tó ń pa ara rẹ̀, nígbà 217 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé fóònù kúrò lórí mísà kí ẹ tó pe atúnrédíòṣe.

Ẹnìkan lè ní kí ni gbogbo àlàyé yìí fẹ́ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé bí a bá ti gé áàtì kúrò lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì, kíkùn náà á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni, ó máa ń dákẹ́. Òrùka ti já, kò sí ibi tí iná jíjò yóò gbà mọ́. Ṣùgbọ́n waya tí a gé yẹn kì í ṣe ti ohùn, ti ẹ̀mí ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí iná bá já bọ́ sára irin àpótí ampilifáyà, kí ó rí ọ̀nà sá lọ sí ilẹ̀ kí fíúsì sì jó. Bí ọ̀nà yẹn kò bá sí mọ́, iná náà yóò jókòó sára irin, yóò gba inú waya lọ sí ara gbohùngbohùn, yóò sì dúró de ẹni tí yóò fi ọwọ́ tútù dì í mú. Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú báyìí lórí ìtàgé ní Swansea ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, nígbà tó fọwọ́ kan gbohùngbohùn tí kò ní áàtì tó péye. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ní Waco ní ìpínlẹ̀ Texas, Pásítọ̀ Kyle Lake wà nínú omi ìrìbọmi níwájú ìjọ rẹ̀, ó nawọ́ sí gbohùngbohùn, iná gbé e, ó sì kú. Ní ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ tó ti Ìkálẹ̀, tí òde ìnáwó máa ń wà lábẹ́ tapólì lórí ilẹ̀ tútù, mi ò rí ariwo kankan tó burú tó kí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bí òrùka bá gbọ́dọ̀ já, kí ó já lára waya ohùn: àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní DI, tó ní kọ́ìlì méjì tí kò fara kan ara wọn nínú, ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ kí waya kọjá. Ọ̀kan láàárín kọ̀ǹpútà àti mísà sábà máa ń tó.

Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ náà nílò ilẹ̀, àwọn kékeré tí à ń gbé kiri kì í sì í sábà ní in. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí táyà tàbí lórí bíríkì, ihò áàtì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò náà kò dé ibì kan. Ọ̀pá bàbà tí a rì mọ́lẹ̀, tí a fi waya tó nípọn so mọ́ ara irin rẹ̀, ni oògùn rẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó tutù jálẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù sì dára fún un ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Kí a jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọ̀ ọ́n ṣe é, kó sì fi búrékà tó máa ń já bí iná bá jò sí i. Ní ti ìńfátà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pín sí méjì. Èyí tó ń mú iná tó rọ̀ bí ti ìjọba jáde kì í fa wàhálà, ó tilẹ̀ dára ju jẹnẹrétọ̀ lọ fún ẹni tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀. Èyí tó rọ̀ lówó, tí iná rẹ̀ ń fò bí àtẹ̀gùn tó ga tó rẹlẹ̀, á fi kíkùn tó le tó mú kún inú mísà, kò sì sí bí a ṣe lè tún mísà ṣe tí yóò fi lọ. Pààrọ̀ ìńfátà ni.

Mo ti gbèjà mísà tó báyìí, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kì í ṣàìsàn. Bí a bá yọ gbogbo nǹkan tí ó sì ń kùn síbẹ̀ nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù, àárín ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ibi àkọ́kọ́ tí a óò wò ni àpótí tó ń sọ iná di èyí tó lè jẹ, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn kapásítọ̀ ńláńlá wà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ìfò iná rọlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbẹ, kíkùn tí a óò gbọ́ kì í wúwo bíi ti àkọ́kọ́. Ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá ló ń lù, ó mú, ó sì ń ta létí, ojú ọ̀nà gbogbo ló sì ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru ló ń gbẹ wọ́n. Kapásítọ̀ tí olùṣe rẹ̀ kọ wákàtí 2,000 sí lára ní ooru 85 lórí ìwọ̀n Celsius, ìlọ́po méjì ni ọjọ́ ayé rẹ̀ máa ń di pẹ̀lú gbogbo 10 tí ooru bá fi dín. Bí inú mísà bá jẹ́ 45, a lè retí nǹkan bí wákàtí 32,000. Bí a bá jẹ́ kó dé 55, nítorí pé a fi aṣọ bò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí a gbé e sínú oòrùn, ó ti di 16,000. Oníṣẹ́ tó ní mítà lè rí ẹ̀rí èyí láìtíì yọ nǹkan kan: kí ó wọn iná tó ń jáde láti inú àpótí náà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ fóòlù 15 sí 18 ní ìhà méjèèjì, kí ó wá yí mítà sí ìhà iná tó ń fò, kó wo iye tó ṣẹ́kù. Mílífóòlù díẹ̀ ló yẹ kó rí. Kí ó rántí pé àwọn kapásítọ̀ yìí lè mú iná dání lẹ́yìn tí a bá ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n sì lè gbé ènìyàn.

Ariwo tó ń ta ṣáráṣárá nígbà tí a bá gbé fédà ló gbajúmọ̀ jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì tọ́jú jù. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé eruku ni, wọ́n á sì fín sípréè sí i. Eruku lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, sípréè tí a ṣe fún ojú iná á sì mú un kúrò. Pẹtiróòlù àti òróró ìdí mọ́tò kò yẹ níbẹ̀, nítorí ọ̀kan á fọ gírísì tó yẹ kó wà, èkejì á fi ọ̀rá sílẹ̀ tí eruku tuntun yóò lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ̀ ọ́ lónìí tí ó sì tún ń ta lọ́la, ẹ̀bi náà lè máà sí lára fédà. Kapásítọ̀ kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá, tó sì ń dá iná tó dúró sójú kan padà. Bí ó bá ń jò, iná náà á dé orí fédà, gbogbo ìgbà tí a bá sì sún un ni iná yẹn á máa já, á máa so. Kí a gbé mítà sí ẹnu fédà, kí ohùn má wọlé: òdo ló yẹ kó kà. Bí ó bá ka ohun tó ju ìyẹn lọ ní gbangba, kapásítọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ká pààrọ̀, kí fédà tó ṣòro rí rà máa bá ayé rẹ̀ lọ.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń fà, ìwòsàn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ojú ọ̀nà kan á máa lọ, á máa bọ̀; ohùn á rẹlẹ̀, á já, á tún padà bí ẹnìkan bá gbá tábìlì. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn ojú ọ̀nà náà, ibi tí wọ́n kọ Insert sí. Inú ihò yẹn ni irin pẹlẹbẹ méjì wà tí wọ́n fara kan ara wọn nígbà tí a kò bá ki nǹkan kan bọ̀ ọ́, àárín wọn sì ni gbogbo ohùn ojú ọ̀nà náà ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ìjọ kò lo ihò yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra mísà, irin náà sì ti dọ̀tí. Ẹ ki jáàkì bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ tún kì í, bíi ìgbà mẹ́wàá. Bí ohùn bá padà, ẹ ti rí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fín sípréè díẹ̀ sí jáàkì náà kí ẹ tún un ṣe.

Ní ti híhó, a kò lè pa á tán. John B. Johnson àti Harry Nyquist, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, fi hàn ní 1928 pé gbogbo ohun tó bá ń dínà iná ló ń mú ariwo díẹ̀ jáde nítorí ooru tó wà lára rẹ̀ lásán. Mísà olówó gọbọi náà ń hó. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni kí a má fi ọwọ́ ara wa dá kún un. Bí a bá jẹ́ kí bọ́tìnì òkè, èyí tó ń gba ohùn wọlé, rẹlẹ̀ jù, kí a wá gbé fédà ìsàlẹ̀ sókè láti fi dí i, híhó ni à ń gbé sókè. Kí ohùn tó tó ìwọ̀n láti òkè. Ojú ọ̀nà tí a kò lò, kí a pa á: bí iye ojú ọ̀nà tó ṣí bá di ìlọ́po méjì, híhó á fi dẹ́síbẹ̀lì 3 gòkè, nítorí náà 16 tó ṣí sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń lò wọ́n ti fi 12 kún ti ẹyọ kan.

Àwọn kan nínú àwọn atúnrédíòṣe yóò sọ pé ìwádìí tí mò ń dá lábàá ń fi àkókò ṣòfò. Kí a pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn balẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́, nítorí kapásítọ̀ tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà sábà máa ń darúgbó pọ̀. Ṣùgbọ́n mísà ojú ọ̀nà 24 lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, gbogbo ìgbà tí a bá sì gbé áyọ̀ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí pátákó àtijọ́ ni a ń fi ojú bàbà rẹ̀ wewu, ó lè ṣí. Ayédèrú kapásítọ̀ sì wà lọ́jà, tí orúkọ ara rẹ̀ tóbi ju inú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ogún tuntun rọ́pò ogún àtijọ́ tí ara wọn le, tó sì fi lẹ́ẹ̀dì di ojú méjì pọ̀ láìmọ̀, ti sọ àìsàn kan di mẹ́ta. Kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ èyí tí ẹ̀rí dá lẹ́bi. Àwọn mìíràn á ní kí a fi bọ́tìnì báàsì gé kíkùn náà kúrò. Ìlù ni yóò bá a lọ. Àti pé lábẹ́ jẹnẹrétọ̀, kíkùn kì í dúró sójú kan tí a óò fi gé e.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní kí a ra mísà dígítà. Wọn kò parọ́: kò ní fédà àti bọ́tìnì tó pọ̀ tó ń ta, ó sì ń rántí ètò àná. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Gbohùngbohùn ṣì ń gba inú waya wọlé, a ṣì ń sọ ọ́ di ńlá kí ó tó di nọ́ńbà, òrùka ilẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bákan náà. Ọjọ́ tó bá kú ni ìyàtọ̀ ńlá máa hàn. Áísì tó ń sọ ohùn di ńlá, bíi TL072 àti NE5532, tí wọ́n wà nínú ọ̀pọ̀ mísà àtijọ́, ṣì ń jáde láti ilé iṣẹ́ títí di òní, oníṣẹ́ tó ní áyọ̀ọ̀nù sì lè pààrọ̀ wọn lórí tábìlì rẹ̀ ní Òkìtìpupa. Pátákó dígítà tí ohun ara rẹ̀ kéré bí èèrà kò ní oníṣẹ́ tó pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé pátákó odindi ni wọn yóò ní kí a rà. Kí ìjọ tó bá lówó ra dígítà, kò burú. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún iná ṣe, kí owó náà má baà ṣòfò.

Ẹ̀rọ tó ní àléébù kò sì ní kí iṣẹ́ má jáde. Nígbà tí Paul McCartney, ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine wá sí Èkó ní 1973 láti ṣe àwo Band on the Run ní sitúdíò EMI ní Àpápá, tábìlì mísà tó ní àléébù ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tépù Studer kan ṣoṣo tó ní ojú ọ̀nà 8. Geoff Emerick, tó ti bá àwọn Beatles ṣiṣẹ́, ló jókòó tì í. Wọn kò dá a dúró títí tí mísà tuntun yóò fi dé láti London. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, àwo náà sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó sì gba gbogbo ayé kan.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni ohun tó ṣì kù láti gbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Madam Comfort Omoge àti ẹgbẹ́ Asíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, nítorí náà a ṣì lè gbọ́ wọn. Àwọn àgbà obìnrin tó mọ orin bírípo ní àwọn ìletò tí kò sí lójú títì, wọn kò ní rẹ́kọ́ọ̀dù, ohùn wọn kò sì le mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò lè dúró de iná ìjọba, kò sì pọn dandan kó ra mísà tuntun. Kí ó fi ìńfátà tí iná rẹ̀ rọ̀ gbé mísà àtijọ́ rẹ̀, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ilé àti ti aládùúgbò bí aládùúgbò bá gbà, kí fóònù gbogbo ènìyàn wà ní yàrá kejì. Kí ìyá àgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gba ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ ọ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì tọ ohunkóhun tó bá ń kùn nínú rẹ̀ dé ìdí nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé àga fún màmá.